Elliott Joslin: Dókítà tó fi àmì ẹ̀yẹ dá alátọ̀gbẹ lọ́lá nítorí pé ó pẹ́ láyé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Yopougon, ní ìlú Abidjan, àwọn àgbà ọkùnrin a máa gba Maracana, bọ́ọ̀lù orí pápá kékeré tí àwọn ará Côte d'Ivoire dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá borí ló ń gba ife. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ alátọ̀gbẹ, tó yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò kó tó wọ pápá, tó tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó jáde, ta ni yóò fún un ní ife tirẹ̀? Dókítà ará Amẹ́ríkà kan ti ro irú ọ̀rọ̀ yìí láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Elliott Proctor Joslin.

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 1869 ni wọ́n bí i ní Oxford, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó kàwé ní Yale, ó gba oyè ìṣègùn ní Harvard ní 1895, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Boston ní 1898. Àìsàn tó yàn láàyò kò jìnnà sí ilé rẹ̀ rárá, nítorí ìyá tó bí i lọ́mọ ní àtọ̀gbẹ, ọmọ náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀.

Joslin ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ rẹ̀ sí. Ẹni tó bá kú, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá yè, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó fi máa di 1916, ó ti ní ẹgbẹ̀rún kan aláìsàn tó lè fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ìwé, ó sì tẹ ìwé náà jáde. Ní 1918, ó tún kọ òmíràn tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè kà. Lójú tèmi, èyí kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé dókítà kì í sábà fi ohun tó mọ̀ lé aláìsàn lọ́wọ́ láyé ìgbà náà.

Ilé mẹ́ta ní òpópónà kan

Ní 1921, ó kọ̀wé nípa ilé mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní òpópónà kan ní abúlé. Olórí ìdílé méje ló ti gbé nínú wọn, àtọ̀gbẹ sì pa mẹ́fà. Joslin ní bó bá jẹ́ àrùn tó ń ràn ló pa wọ́n, gbogbo ìlú ì bá ti pariwo, ìjọba ì bá ti rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá. Ṣùgbọ́n nítorí pé àtọ̀gbẹ ni, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun.

Kò sí oògùn nígbà náà. Ìwọ̀nba tí dókítà lè ṣe ni pé kí ó dín oúnjẹ kù gidigidi, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọdé ń rù kan egungun kí ẹ̀mí wọn lè fi oṣù díẹ̀ gùn sí i. Joslin náà lo ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn náà ni Frederick Banting àti Charles Best rí insulin ní Toronto ní 1921. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 1922, Joslin fún aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin ọ̀hún, àìsàn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ẹ́ tán.

Ọ̀pọ̀ rò pé ìṣòro ti parí. Joslin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi àtọ̀gbẹ wé kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin mẹ́ta ń fà: oúnjẹ níwọ̀n, insulin àti eré ìdárayá. Ó rán àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí ilé àwọn aláìsàn láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe di ìjánu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Láti 1932 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọbìnrin alátọ̀gbẹ lọ sí àgọ́ kan nítòsí ìlú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń kọ́ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ara wọn.

Àmì ẹ̀yẹ ìṣẹ́gun

Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn tó kọ́kọ́ gba insulin ti ń pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí rẹ̀. Joslin bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tó bá ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pẹ̀lú àìsàn náà ní àmì ẹ̀yẹ, ó sì pè é ní ti ìṣẹ́gun. Kò rọrùn láti gbà: wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ojú àti ara ẹni náà wò bóyá àtọ̀gbẹ ti bà á jẹ́. Ó dùn mí díẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń jí lóru láti fún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́.

Àwọn dókítà kan ta kò ó. Wọ́n ní kí aláìsàn jẹ ohun tó wù ú, bí kò bá ṣáà ti ṣubú lulẹ̀, pé ìṣọ́ra Joslin ti pọ̀ jù. Àríyànjiyàn náà kò tíì yanjú nígbà tó kú ní Boston ní ọjọ́ 28, oṣù Kìíní, ọdún 1962, lẹ́ni ọdún 92. Ọdún 1993 ni ìwádìí ńlá kan lórí ènìyàn 1,441 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó fi hàn pé dídi ṣúgà mú dáadáa ń dáàbò bo ojú, kíndìnrín àti iṣan ara.

Ní 1970, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé ìwòsàn tó dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tó ti lo àádọ́ta ọdún pẹ̀lú àtọ̀gbẹ ní àmì ẹ̀yẹ tiwọn. Ní 1996, wọ́n fi ti ọdún márùndínlọ́gọ́rin kún un.