Seymour Cray, Bàbá Àwọn Kọ̀ǹpútà Ńláńlá

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ti kú láti ọdún 1996, kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ wa nìkan ló bá a láyé. Seymour Cray lorúkọ rẹ̀. Mo yàn án torí àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín àwa SS2 báyìí: èwo ló dáa jù, processor kékeré olówó pọ́ọ́kú tó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àbí processor ńlá ti server tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani? Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì mọ̀ ọ́n, processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Òun ló ń ṣe ìṣirò, òun náà ló ń pàṣẹ fún ìyókù. Orí ọ̀rọ̀ ọpọlọ yìí ni Cray lo gbogbo ayé rẹ̀ lé.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Chippewa Falls, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹnjiníà ni bàbá rẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda yàrá abẹ́ ilé wọn fún un, ibẹ̀ ló ti ń fi wáyà àti iná ṣeré. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 10, ó fi irin ìṣeré ọmọdé to ẹ̀rọ kan tó ń ka ihò tí wọ́n lu sára ìwé, tó sì ń sọ ọ́ di àmì Morse, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń tẹ wáyà láyé ọjọ́un.

Ọdún 1943 ló jáde ní girama, ogun àgbáyé kejì sì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n mú un wọṣẹ́ ológun, ó wà nídìí rédíò. Ó dé Yúróòpù, wọ́n tún gbé e lọ sí Philippines, níbi tí wọ́n ti ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Jàpáànì ń fi rédíò ránṣẹ́. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Yunifásítì Minnesota, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná, ó sì gba oyè kejì nínú ìṣirò ní 1951. Nǹkan bí àsìkò yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Engineering Research Associates. Ní 1957, àwọn kan kúrò níbẹ̀ lọ dá Control Data Corporation sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí Cray fi tẹ̀ lé wọn.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, ohun kan tó dà bíi gílóòbù ló kún inú rẹ̀. Ó ń gbóná, ó sì ń jó. Transístọ̀ ni Cray fi ṣe CDC 1604, tó jáde ní 1960, kò sì sí gílóòbù nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní òun fẹ́ padà sílé. Ariwo àti ìpàdé ojoojúmọ́ ò bá a lára mu rárá. Ní 1962, wọ́n kọ́ ibi iṣẹ́ fún un ní Chippewa Falls, níbi tí wọ́n bí i sí, òun àti ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ sì kóra wọn síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni CDC 6600 ti jáde ní 1964. Ó yára tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀rọ tó yára jù lọ́wọ́ IBM, bẹ́ẹ̀ IBM ló tóbi jù nídìí òwò kọ̀ǹpútà láyé nígbà yẹn. Ọ̀gá IBM, Thomas Watson kékeré, ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ yìí láti 1963. Nígbà tó gbọ́ pé ènìyàn 34 péré ló wà nídìí rẹ̀, tí wọ́n sì ka ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ́ wọn, inú bí i. Ó kọ̀wé sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè bí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó tiwọn ṣe jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú CDC 6600 ni bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ inú rẹ̀. Processor ńlá kan wà láàárín tó ń ṣe kìkì ìṣirò, kékeré 10 sì wà tó ń jíṣẹ́ fún un: wọ́n ń ka téèpù, wọ́n ń gbé èsì lọ síbi ìtẹ̀wé. Ẹ rí i pé àtìgbà yẹn ni Cray ti mọ̀ pé kò yẹ kí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ máa dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ńlá ní iṣẹ́ tirẹ̀, kékeré náà sì ní tirẹ̀.

CDC 7600 tẹ̀ lé e ní 1969. Èyí tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn, 8600, ò bọ́ sí i. Ó ń gbówó, kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 1972, Cray kúrò, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Cray Research. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ níbẹ̀, Cray-1, wọ́n sì gbé e lọ sí Los Alamos ní 1976.

Ẹ̀rọ yìí lẹ́wà. Bíi lẹ́tà C ni wọ́n ṣe to ó, ìjókòó onítìmùtìmù sì yí i ká nísàlẹ̀ bíi ti pálọ̀. Kì í ṣe fáàrí o. Iná mànàmáná yára, àmọ́ tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, nínú ìdá kan ṣoṣo, kò lè rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ìyẹn gígùn rúlà tó wà nínú báàgì wa. Tí wáyà bá gùn, ọpọlọ á máa dúró de ọ̀rọ̀. Torí ẹ̀ ni Cray ṣe ká ẹ̀rọ náà kò bí apá, kò sì sí wáyà kankan nínú rẹ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Abẹ́ ìjókòó yẹn ni wọ́n kó ohun tó ń pín iná pamọ́ sí. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 5 lọ, irú gáàsì tó ń mú fíríìjì tutù ló ń mú òun náà tutù. Kílówáàtì 115 ló ń jẹ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I better pass my neighbour, tí kì í tó kílówáàtì kan, á ju 100 lọ kó tó lè gbé e. Ẹni tó kọ́kọ́ sanwó rà á, iléeṣẹ́ ìwádìí ojú ọjọ́ kan tó ń jẹ́ NCAR, san dọ́là mílíọ̀nù 8.86 ní 1977. Síbẹ̀, ó ju 80 lọ tí wọ́n tà.

Níbi tí ìtàn dé yìí, ẹ jẹ́ ká gbé processor méjì ti ayé òde òní sórí òṣùwọ̀n. Àkọ́kọ́ ni Celeron G5905 ti ilé iṣẹ́ Intel, olówó pọ́ọ́kú. Core 2 ló ní, ẹ pè é ní òṣìṣẹ́ méjì. Ìyára rẹ̀ jẹ́ 3.5 GHz, wáàtì 58 ni wọ́n kọ sí i, owó rẹ̀ nígbà tó jáde ò sì tó dọ́là 60. Ìkejì ni EPYC 9654 ti AMD, ti server, tó jáde ní 2022. Core 96 ló ní. Ìyára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2.4 GHz, ó lè gòkè dé 3.7. Wáàtì 360 ni wọ́n kọ sí i, owó tí AMD sì fi lé e ni dọ́là 11,805.

Ẹ má tíì sọ pé èkejì ló gbayì. Cray-1 olówó ńlá yẹn, 80 MHz ni ìyára rẹ̀. Celeron pọ́ọ́kú fi ìlọ́po 43 jù ú lọ. Ibi ìpamọ́ kékeré tó wà nínú Celeron, tí wọ́n ń pè ní cache, jẹ́ mẹ́gábáìtì 4. Ìdajì gbogbo ìrántí Cray-1 nìyẹn, torí mẹ́gábáìtì 8 péré ni tirẹ̀. Ti EPYC jẹ́ 384.

Kí wá ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì? Iye ọwọ́ ni. Bí ẹ bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo kaná, ẹnì kan ló máa rò ó. Tí ènìyàn 96 bá yí ìkòkò náà ká, ọbẹ̀ ò ní torí ẹ̀ tètè jinná. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà tàbí tó ń ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ìkòkò kan ló gbé kaná, Celeron á ṣe é fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ òde ìgbéyàwó, tí ìkòkò 90 wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni méjì ò lè dá a ṣe, bó ti wù kí ọwọ́ wọn yá tó. Iṣẹ́ server nìyẹn: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyàtọ̀ kejì ni àṣìṣe. Cray-1 tó kọ́kọ́ dé Los Alamos ò lè ṣàtúnṣe fúnra rẹ̀ tí ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀ bá ṣèèṣì yí padà. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀, ni wọ́n bá fi àtúnṣe sínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Dòní, irú ìrántí tó ń tún ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni server ń lò. Celeron tí mo dárúkọ yìí ò lò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kọ̀ǹpútà ni gbogbo wa máa fi ṣe ìdánwò JAMB. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kọ̀ǹpútà kéékèèké ló wà níwájú wa, server ló ń pín ìbéèrè fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ fún mi pé níbi tí àwọn ti ṣe tàwọn, n ò ní dárúkọ ibẹ̀, iná wà, kọ̀ǹpútà iwájú kálukú ń tàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè ò wọlé. Server ló dákú. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wo ojú ara wọn, ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́ nígbà tí ìdánwò wá bẹ̀rẹ̀.

A gbọ́ pé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà sí yàrá kọ̀ǹpútà wa ní táàmù tó ń bọ̀. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má fi owó náà wá orúkọ ńlá. Ẹni márùn-ún ló ń pín kọ̀ǹpútà kan lò nínú kíláàsì wa báyìí. Kí wọ́n ra olówó pọ́ọ́kú tó pọ̀, kí ọwọ́ kálukú wa lè kan bọ́tìnnì. Kí wọ́n sì ra ẹyọ kan tó lágbára, tó ń ṣàtúnṣe àṣìṣe rẹ̀, kí wọ́n fún un ní bátìrì tirẹ̀. Ẹyọ kan yìí nìkan ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n náwó lé lórí dáadáa.

Cray alára, ẹyọ kan tó lágbára ló fẹ́ràn títí ó fi dàgbà. Kò gbà pé kéékèèké tó pọ̀ lè ṣe iṣẹ́ alágbára kan. Cray-2 tó ṣe ní 1985, processor 4 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ri gbogbo ẹ̀rọ náà sínú omi pàtàkì kan kó má baà gbóná. Níbi tó ti ń gbèrò Cray-3, kọ̀ǹpútà Macintosh orí tábìlì ló ń lò, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ Apple tó ń ṣe Macintosh ti ra Cray kan láti fi gbèrò tiwọn. Ó ní iṣẹ́ mìíràn tó ń fi gbafẹ́: ó máa ń gbẹ́ ihò ńlá lábẹ́ ilé rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni èrò rere ti máa ń wá sí i.

Ọdún 1989 ló tún dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Colorado Springs láti ṣe Cray-3. Ayé ti yí. Processor kéékèèké ti pọ̀, wọ́n ti di pọ́ọ́kú, àwọn ènìyàn sì ti ń so ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn pọ̀. Àwọn oníbàárà ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní 1995, ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó kógbá sílé.

Ó ti ń sún mọ́ ọmọ 70 ọdún nígbà yẹn. Kò lọ jókòó sílé kó máa bínú. Ní 1996, ó dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, SRC Computers, láti so ọ̀pọ̀ processor kéékèèké pọ̀ di ńlá, ohun tí kò fara mọ́ látẹ̀yìn wá. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i ní Colorado Springs. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, lẹ́ni ọdún 71. Iṣẹ́ tuntun náà kò tíì parí.

Frontier, tó wà ní Oak Ridge lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó di kọ̀ǹpútà tó yára jù láyé ní 2022, EPYC tó wà nínú rẹ̀ ju 9,000 lọ, wọ́n so wọ́n pọ̀ láti máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Orúkọ Cray ṣì wà lára rẹ̀.