Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, Gíwá Àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Èkó

Ẹ̀yin ará Ayọ̀bọ̀ nílé lóko, láti ọdún 2016 tí ìjọba àpapọ̀ ti fún Yunifásítì Anchor ní ìwé àṣẹ ni àwa náà ti di ìlú tí ó ní yunifásítì. Ó yẹ nígbà náà kí á mọ ìtàn ọ̀rọ̀ tí ó ti fa ìjà púpọ̀ ní ilẹ̀ wa: ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yan àwọn tí yóò kọ́ni ní yunifásítì àti àwọn tí yóò kàwé níbẹ̀, ṣé ìjọba ni tàbí àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà nínú ọgbà? Ní 1965, ọ̀rọ̀ yìí da ọgbà yunifásítì Èkó rú, orí Eni Njoku sì ni ó kọ́kọ́ já lé.

Ebem ní ilẹ̀ Ohafia, láàárín àwọn Ìgbò, ni a ti bí i ní 1917. Ó kàwé ní Hope Waddell ní Calabar, lẹ́yìn èyí ni ó wá sí Higher College ní Yaba. Kí ọ̀dọ́ òde òní má ṣe rò pé kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn dà bí yunifásítì. Ìjọba amúnisìn ni ó ni í, iye àyè iṣẹ́ tí ó bá sì ṣófo ní ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n fi ń wọn iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn yóò gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí orí wọn pé ni wọ́n tì sẹ́yìn lọ́nà yìí, ẹni tí ó sì ṣe àṣeyọrí kò gba oyè yunifásítì. Njoku ní láti kọjá sí Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gba oyè nínú ìmọ̀ ewéko. Nígbà tí ó padà dé, ó di olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì gba oyè dókítà ti Yunifásítì London ní 1954.

Kì í ṣe ìwé nìkan ni ó mọ̀. Ní 1952, ó di mínísítà tí ń bójú tó ohun àlùmọ́nì àti agbára iná. Abubakar Tafawa Balewa wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà kan náà. Rògbòdìyàn ìṣèlú Ìlà Oòrùn ní 1953 lé e kúrò níbẹ̀, ó sì padà sí ìdí ewéko rẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962, Balewa ti di olórí ìjọba, Njoku ni a sì fi ṣe gíwá àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: ọwọ́ ìjọba ni ó gbé e dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 131 péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà yẹn kò sí JAMB, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí sáà rẹ̀ ń parí lọ ní 1965, Sẹ́nétì, èyíinì ni ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, fẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ìgbìmọ̀ Alákòóso, tí àwọn tí ìjọba yàn pọ̀ nínú rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n yan Saburi Biobaku, òpìtàn ọmọ Ẹ̀gbá. Ìbò àpapọ̀ ìparí ọdún 1964 ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni, nítorí náà kíá ni ọ̀rọ̀ di ti Yorùbá àti Ìgbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn, wọ́n ti ọgbà pa, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tilẹ̀ gún Biobaku lọ́bẹ. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́.

Biobaku kì í ṣe òpè, ó sì kún ojú òṣùwọ̀n ipò náà. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó sì ń ka ìtàn yìí lè fẹ́ gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ní ojú tiwa, àwọn tí ó ti bá Njoku ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ wọn ni a sì gbé jù sẹ́yìn. Owó ìlú ni ìjọba ń ná sí yunifásítì, ó sì yẹ kí ó bèèrè bí a ṣe ń ná an. Èyí kò jọ pé kí ó máa tọ́ka ẹni tí yóò jókòó lórí àga. Láti 1993, orúkọ mẹ́ta ni àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní láti fi ránṣẹ́ sí olórí ìjọba kí ó mú ọ̀kan. Òfin 2003 ni ó wá fi yíyàn náà lé Ìgbìmọ̀ Alákòóso lọ́wọ́, tí àwọn aṣojú Sẹ́nétì sì ń bá wọn yẹ àwọn olùdíje wò.

Njoku lọ kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní 1966, ó di gíwá ní Nsukka, ibẹ̀ ni ogun sì ká a mọ́. Òun ni ó ṣáájú àwọn aṣojú Biafra lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Addis Ababa ní 1968. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí iṣẹ́ olùkọ́ ewéko. London ni ó kú sí ní oṣù kejìlá ọdún 1974, ẹni ọdún 57.

Ní ọgbà Akọka, ilé ìgbé àwọn ọmọkùnrin kan ń jẹ́ Eni Njoku, òmíràn ń jẹ́ Saburi Biobaku.