Sylvanus Olympio: ta ló pa ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Tógò?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà etí òkun láti Grand-Popo lọ sí Lomé yóò kọjá ní Agoué kí ó tó dé ẹnubodè Hillacondji. Ìlú Àgùdà ni Agoué. Àwọn tó padà dé láti Bahia ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tẹ̀dó síbẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀dó sí Ouidah àti sí Àjàṣẹ́ wa níhìn-ín, ọmọ Ànàgó sì wà nínú wọn. Ní Agoué yìí ni wọ́n sin Sylvanus Olympio sí, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ orílẹ̀-èdè Tógò. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bèèrè pé kí ló gbé òkú ààrẹ Tógò dé ilẹ̀ Benin. Òru ọjọ́ kan ní oṣù kìíní ọdún 1963 ló gbé e dé ibẹ̀, a ò sì tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ òru náà títí di òní.

Àgùdà ni ìdílé Olympio. Francisco Olympio, bàbá tó bí bàbá Sylvanus, ló wá láti Bahia ní Brazil ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì di oníṣòwò ní etí òkun wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e nínú òwò. Octaviano Olympio, tó jẹ́ arákùnrin bàbá Sylvanus, wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ tí orúkọ wọn kọ́kọ́ hàn ní Lomé. Ẹni tó bá mọ àwọn Paraïso àti àwọn da Silva ti Àjàṣẹ́ ti mọ irú ilé tí a ń sọ: ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ èdè púpọ̀, tí ìwé kíkà sì ṣe pàtàkì bí ọjà títà.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1902 ni wọ́n bí Sylvanus, nígbà tí Tógò ṣì wà lọ́wọ́ Jámánì. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá tí ogun fi dé ní 1914, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Fáránsé lé Jámánì jáde, tí wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí méjì láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ pípín yìí ni yóò jẹ́ iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ààlà tuntun náà gba àárín àwọn ará Ewe kọjá, ọmọ ìyá kan wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì wà lábẹ́ Fáránsé. Àwa ọmọ Kétu tí ààlà yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wa ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ó lọ kàwé ní London School of Economics ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Unilever, tí àwọn bàbá wa mọ ẹ̀ka rẹ̀ sí UAC. Nàìjíríà ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ, lẹ́yìn náà Gold Coast, kí wọ́n tó fi í ṣe olórí iṣẹ́ wọn ní Tógò. Ipò bẹ́ẹ̀ kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà láyé ìgbà náà.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Fáránsé ti Vichy kò fọkàn tán ọkùnrin tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì ń bá Gẹ̀ẹ́sì ṣòwò. Wọ́n mú un, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ ní Djougou, ní àríwá ilẹ̀ wa tí à ń pè ní Dàhòmì nígbà náà. Ẹni tó máa ń sọ ohùn pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú ìjọba amúnisìn tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó padà sí Lomé láti Djougou kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ogun, òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú CUT. Ní 1947 ó lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n so àwọn Ewe pọ̀ mọ́ ara wọn. Léraléra ló padà lọ, èyí kò sì dùn mọ́ Fáránsé nínú. Ní 1954 wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ òṣèlú lọ́wọ́ rẹ̀. Nicolas Grunitzky, tó jẹ́ àna rẹ̀ (ọmọ ilé Grunitzky ni Dina ìyàwó Olympio), ló di olórí ìjọba Tógò ní 1956 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Fáránsé. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Tógò apá Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti dara pọ̀ mọ́ Gold Coast, tó di Gánà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Báyìí ni àlá ìṣọ̀kan àwọn Ewe ṣe parí. Ó kù fún Olympio láti gba òmìnira fún apá tó ṣẹ́kù.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló bójú tó ìbò ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1958. Ẹgbẹ́ CUT borí, ẹnu sì ya Fáránsé. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, Tógò gba òmìnira. Ní 1961 Olympio di ààrẹ.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ ìjọba rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí ikú burúkú a máa mú kí àwọn ènìyàn sọ òkú di ẹni mímọ́. Àwo orúkọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan ló wà nínú ìbò 1961. Ní 1962 ó tú àwọn ẹgbẹ́ alátakò ká, ó sì ju àwọn kan sẹ́wọ̀n, títí kan àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Juvento tó ti bá a jà fún òmìnira. Antoine Meatchi sá lọ sí Gánà, Grunitzky wá sí Cotonou. Nígbà tí òru yẹn yóò fi dé, ọ̀tá ti pọ̀ fún un nílé àti lóde.

Kwame Nkrumah wà lára wọn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Nkrumah fẹ́ kí Tógò wọ inú Gánà, Olympio sì kọ̀ jálẹ̀. Ẹnubodè àárín wọn di títì, oníkálukú sì ń gba àwọn tó sá fún ẹnì kejì sílé.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Olympio ń múra láti dá owó Tógò sílẹ̀ kúrò nínú sẹ́fà, ó sì ń wo ọ̀dọ̀ Jámánì fún àtìlẹ́yìn. Mo fẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ìtàn kan ń lọ káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ọdọọdún ni Tógò ń san owó orí fún Fáránsé nítorí ilé àti ọ̀nà tí wọ́n kọ́. Kò sí ìwé àdéhùn kankan tó gbé ìtàn yẹn lẹ́sẹ̀, kí àwọn olùṣèwádìí wa má fi sínú iṣẹ́ wọn. Ètò owó tuntun ní tirẹ̀ kì í ṣe àhesọ. Ó sì tó ohun tí Fáránsé lè bínú sí láìsí àfikún irọ́.

Síbẹ̀, àwọn ṣọ́jà ló gbé ìbọn. Ẹni tó máa ń ṣọ́ owó ná ni Olympio, kò sì rí ìdí tí orílẹ̀-èdè kékeré fi nílò ọmọ ogun púpọ̀. Nǹkan bí 250 ni gbogbo ológun tó ní. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ Tógò tó ti bá Fáránsé jagun, títí dé Algeria, ń padà bọ̀ wálé láìríṣẹ́. Ọmọ Kabiyè láti àríwá ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó gbà wọ́n sínú ọmọ ogun. Ó ní rárá, a sì gbọ́ pé kò fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, pé ó kà wọ́n sí àwọn tó bá amúnisìn pa ọmọ Áfíríkà ẹgbẹ́ wọn. Emmanuel Bodjollé ni aṣáájú wọn. Sájẹ́ǹtì kan wà lára wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Étienne Eyadéma.

Ilé ara rẹ̀ ni Olympio ń gbé ní Lomé, ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ògiri ló yà wọ́n. Òru ti kọjá ìdajì díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1963 ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ṣọ́jà fipá wọlé. Olympio fo ògiri bọ́ sí àgbàlá àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì sá pamọ́ sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé síbẹ̀. Àwọn ṣọ́jà wá gbogbo inú ilé, wọn kò rí i.

Láti ìgbà náà títí di òwúrọ̀, wákàtí bíi mélòó kan ni. Nínú àwọn wákàtí yìí gan-an ni àṣírí náà wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé àti oníròyìn kọ ni pé aṣojú Amẹ́ríkà, Leon Poullada, dé àgbàlá náà ní òru, ó bá Olympio nínú ọkọ̀, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ilé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún jáde lọ. Nígbà tó yá, àwọn ṣọ́jà wọ àgbàlá, wọ́n sì fa Olympio jáde. Poullada fúnra rẹ̀ ló rí òkú ní òwúrọ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣojú náà. Oṣù mẹ́wàá ṣáájú, ní oṣù kẹta ọdún 1962, Ààrẹ Kennedy gba Olympio lálejò ní Washington.

Eyadéma sọ fún àwọn oníròyìn nígbà náà pé òun ni òun yìnbọn, nítorí pé Olympio kọ̀ láti tẹ̀ lé àwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tó ti di ààrẹ, ó ní kì í ṣe òun. Bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ tó sì tún sẹ́, ó yẹ kí ilé ẹjọ́ bi í léèrè. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú yìí rí.

Ní tèmi, ọwọ́ tó fa ìbọn kọ́ ni ìbéèrè tó tóbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè. Ta ló sọ fún àwọn ṣọ́jà ibi tó wà? Wọ́n ti wá a títí, wọn kò rí i, lẹ́yìn náà wọ́n wá mọ̀. Àwọn kan ní Poullada ló bá Henri Mazoyer, aṣojú Fáránsé, sọ ọ́, tí ọ̀rọ̀ sì gba ibẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn dárúkọ Georges Maîtrier, ọ̀gágun Fáránsé tó wà nídìí àwọn jàndáámù Tógò, tó sì jẹ́ olùdámọ̀ràn Olympio lórí ètò ààbò. A kò gbọdọ̀ fi ìfura ṣe ìdájọ́ fún ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbàgbọ́ pé ṣọ́jà tó ti wá ilé títí tó ti sú u kàn ṣàdédé wọ àgbàlá aṣojú orílẹ̀-èdè ńlá láìsí ẹni tó ta á lólobó.

Nàìjíríà ní tirẹ̀ fura sí Gánà. Jaja Wachuku, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn, sọ gbangba pé ẹnì kan láti òde ló ṣètò rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tó so Nkrumah mọ́ òru náà, kò sì jọ pé àwọn ṣọ́jà tó ń wá iṣẹ́ ń gbọ́ tirẹ̀. Grunitzky ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti Cotonou kí ó wá ṣe ààrẹ. Iye ọmọ ogun pọ̀ sí i, àwọn tí Olympio lé sì rí iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà péjọ ní Addis Ababa ní oṣù karùn-ún ọdún 1963 láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀, àga Tógò ṣófo. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin àjọ náà pé àwọn lòdì sí ìpànìyàn nítorí òṣèlú. Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń rò.

Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1967 ni àwọn ológun tún lé Grunitzky kúrò. Eyadéma gba ipò ààrẹ lóṣù kẹrin ọdún náà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kejì ọdún 2005. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ ikú Olympio ni wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ ìtúsílẹ̀ ní Tógò, pẹ̀lú ìlù àti ìyan àwọn ológun. Gilchrist, ọmọ Olympio, di alátakò Eyadéma. Wọ́n yìnbọn sí i ní Soudou ní 1992, ó sì yè é.

Àwọn ẹbí ló gbé òkú Sylvanus kọjá ẹnubodè wá sí Agoué, nítorí pé Lomé kò ní ààbò fún ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ìwé Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wà fún àwọn olùṣèwádìí láti kà. Ẹbí Olympio ti bèèrè pé kí Fáránsé náà ṣí tirẹ̀. Ní tiwa, àwọn àgbà tó jẹ́ ọmọdé ní Agoué àti ní Grand-Popo lọ́dún 1963 ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù: ta ló gbé òkú wá, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà, kí ni ìlú sọ lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì akọ̀wé.