Alhaji M.K.O. Abíọ́lá: Ẹni Tí Ó Náwó Sí Mọ́ṣáláṣí, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Pápá Ìṣeré

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàrin wa. Ó yẹ kí a dá owó jọ láti tún pápá ìṣeré ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ọmọ wa ń lọ ní Wamakko. Àwọn kan nínú wa rò pé mọ́ṣáláṣí àti ilé-kéú ni owó Mùsùlùmí yẹ kí ó lọ, wọ́n sì ka bọ́ọ̀lù gbígbá sí ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán. A kò bá wọn jà. Dípò àríyànjiyàn, a rò pé ó dára kí a sọ ìtàn Mùsùlùmí Yorùbá kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, kí oníkálukú wa fi ìtàn náà ro ara rẹ̀ wò.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1937 ni a bí Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá ní Abẹ́òkúta. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́kọ́ tí ó yè. Méjìlélógún ti lọ ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Káṣìmawò, nítorí ọkàn àwọn òbí rẹ̀ kò tí ì balẹ̀ pé yóò dúró. Ọlọ́hun Ọba dá a sí.

Kò bá ọrọ̀ nílé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ òwò igi ìdáná. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti wọ igbó lọ, yóò ṣẹ́gi, yóò tà á, kí ó tó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dá ẹgbẹ́ onílù sílẹ̀ tí ń ṣeré níbi ìnáwó. Oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tí orúkọ wọn jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó, owó náà ni ó sì fi ran ilé lọ́wọ́, tí ó tún fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Baptist Boys' High School, Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni ó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni ó wọ ibẹ̀, Mùsùlùmí náà ni ó jáde.

Ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Scotland. Nígbà tí ó dé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn yunifásítì Èkó àti ní ilé-iṣẹ́ Pfizer, kí ó tó wọ ilé-iṣẹ́ ITT, níbi tí ó ti di ọ̀gá pátápátá ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980 ó dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó fi owó náà ṣe. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama 63, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì 121, ilé ìkàwé 41 àti iṣẹ́ omi 21 káàkiri Nàìjíríà. Ẹ kíyè sí i pé kò fi ọ̀kan pa èkejì lára. Ọwọ́ tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà ni ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọwọ́ yẹn náà ni ó ra bọ́ọ̀lù. Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Abiola Babes, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní ọdún 1985 àti ní ọdún 1987. Nítorí owó tí ó ná sórí eré ìdárayá káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n fi í jẹ oyè Òpó Eré Ìdárayá Áfíríkà.

Ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì fi ẹ̀sìn ṣeré. Ó wà lára àwọn aṣáájú Ìgbìmọ̀ Gíga fún Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tí Sultan ìlú Sókótó wa yìí ń ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 1988 ni Aláàfin Ọ̀yọ́ fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹrìnlá ilẹ̀ Yorùbá.

Ìyókù ìtàn náà dun gbogbo wa. Ó díje nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ìjọba ológun sì fagi lé ìbò náà. Wọ́n mú un ní ọdún 1994. Wọ́n pa aya rẹ̀, Alhaja Kudirat, ní ọdún 1996. Òun náà kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2018, ni ìjọba àpapọ̀ tó fún un ní oyè GCFR. Ní 2019, wọ́n sọ pápá ìṣeré ńlá ti Abuja ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Pápá Abuja náà, tí wọ́n lò fún Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003, ti bàjẹ́ ṣáájú. Koríko rẹ̀ ti kú. Owó aládàáni, láti ọwọ́ Alhaji Aliko Dangote, ni wọ́n fi tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, tí Nàìjíríà fi lè gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Ghana níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2022. Bí pápá orílẹ̀-èdè bá lè dúró de ẹni tí yóò ṣàánú rẹ̀, mélòó mélòó ni ti ilé-ẹ̀kọ́ wa?

Ṣùgbọ́n Abíọ́lá kan kò sí láàrin wa, Dangote kan kò sì sí. Èyí kò yẹ kí ó já wa láyà. Ẹgbẹ́ Abiola Babes kò sí mọ́ lónìí, Concord náà ti kógbá sílé, nítorí ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé dúró, ó ṣòro kí ó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ohun tí igba ilé bá dá díẹ̀díẹ̀ fún lè pẹ́ ju ti olówó kan lọ.

Nítorí náà ni a ṣe ń gba ẹgbẹ́ wa níyànjú pé kí a ṣe é pẹ̀lú ètò. Kí a kọ́kọ́ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́ jókòó, kí àdéhùn wà lórí ìwé. Kí ó má ṣe jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ni owó wà, kí a sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo jámọ̀ọ́. Kí a ṣe ọgbà yí pápá ká kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ewúrẹ́ kò mọ koríko tuntun yàtọ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀ ni kí a gbin koríko, kí a sì ya owó omi sọ́tọ̀, torí ẹ̀ẹ̀rùn Sókótó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ohun ọ̀gbìn. Kí a má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin wa, kí àyè wà fún wọn láti ṣeré pẹ̀lú híjáàbù wọn láìsí ìtìjú.

Àwọn ọmọ Hausa yóò ṣeré níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ tí ó gbà wá yẹ kí ó rí ohun rere láti ọwọ́ wa, sàráà tí ń ṣàn sì ni ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń jàǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti lọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba forí jin Alhaji Moshood Abíọ́lá, kí Ó fi Alujánnà ṣe ibùgbé rẹ̀. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ohun tí a bá dá jọ, kí Ó sì jẹ́ kí ọmọ wa dàgbà lójú wa. Àmín.