Ayọ̀ Bánkọ́lé: Ọmọ Atẹdùrù Tí Sikọ́láṣíìpù Mẹ́ta Gbé Ró

  

Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa dé orí grúùpù WhatsApp láìpẹ́ yìí, gbogbo wa la gbà pé ó yẹ ká ran ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti òfin lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹnì kan dárúkọ ọmọ tó ń kọ́ orin àti àṣà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ló fẹ́ fi orin jẹ? Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Mo kàn ní kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín ká tó parí ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé.

Kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Ìlú Jos ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1935. Bàbá rẹ̀, Theophilus Abíọ́dún Bánkọ́lé, ló ń tẹ dùrù tó sì ń darí àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Luke's níbẹ̀. Olùkọ́ orin ni ìyá rẹ̀ náà. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní Queen's School, Ẹdẹ. Ní 1941, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, wọ́n mú un lọ sí Èkó lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Atẹdùrù ni bàbá àgbà yẹn náà. Ẹ rí i pé kò sí ibi tí ọmọ náà yíjú sí tí kò bá dùrù.

Ní Èkó, ó lọ sí Baptist Academy, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Cathedral Church of Christ ní Marina. Ọ̀gá àgbà orin níbẹ̀ ni Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, òun ló sì kọ́ ọ ní dùrù. Bàbá Phillips yìí kì í fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣeré nínú orin. Tí orin bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, igbá lè di ìgbà, ọkọ́ lè di ọkọ̀, ohun tí ìjọ ń kọ ò sì ní yé ara wọn mọ́. Bàbá náà kọ ìwé lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀ ti dàgbà.

Ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Ibẹ̀ ló ti pàdé Fẹlá Ṣówándé, ọ̀gá ẹ̀ka orin wọn, ẹni tó ti tẹ dùrù ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì ti kọ orin African Suite. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Ayọ̀ nígbà yẹn. Ó mọ dùrù, ó lágbára, àmọ́ ẹ̀bùn nìkan kì í san owó ọkọ̀ òkun.

Sikọ́láṣíìpù àkọ́kọ́ dé ní 1957. Ìjọba àpapọ̀ ló fún un, òmìnira ò tíì dé rárá. Lórílẹ̀-èdè tó ń wá dókítà, ẹnjiníà àti olùkọ́ lójú méjèèjì, wọ́n ṣì yọ owó kí ọmọ kan lè lọ kọ́ orin. Guildhall School of Music and Drama ní Lọ́ńdọ̀nù ló lọ. Ó kọ́ píánò, dùrù àti bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀.

Ìkejì dé ní 1961. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Clare ní Yunifásítì Cambridge ló fún un ní àyè atẹdùrù. Irú sikọ́láṣíìpù yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́ jókòó jẹun o. Ẹni tó bá gbà á ni yóò máa tẹ dùrù níbi ìsìn ilé ìjọsìn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwé rẹ̀ náà sì wà níwájú rẹ̀. Ayọ̀ ṣe méjèèjì, ó gba oyè. Ní 1964, ó tún yege ìdánwò FRCO, oyè ńlá àwọn atẹdùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Ṣówándé ti gbà ṣáájú rẹ̀ ní 1943.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ẹ lè sọ pé òyìnbó kàn ya ọmọ wa lò ni. Sikọ́láṣíìpù kẹta ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1964 kan náà, àjọ Rockefeller ní Amẹ́ríkà san owó fún un láti lọ sí UCLA, yunifásítì tó wà ní Los Angeles. Ìmọ̀ nípa orin àwọn ẹ̀yà àgbáyé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, lábẹ́ Mantle Hood. Ohun tí Hood gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ orin ìlú kan, kó má kàn jókòó ti ìwé. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ìlù ìlú náà, kó sì lù ú. Akin Euba, ọmọ Yorùbá míì tó padà kọ̀wé lórí ìlù dùndún, kọ́ ẹ̀kọ́ ní UCLA yìí kan náà. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Amẹ́ríkà ni wọ́n ti san owó fún ọmọ wa kó lè wádìí orin ilé bàbá rẹ̀.

Ó padà sílé ní 1966. Ó ṣiṣẹ́ ní rédíò bí ọ̀gá nínú àwọn tó ń ṣètò orin, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969. Níbẹ̀ ló ti ń wádìí orin ìbílẹ̀, tó ń dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama Èkó lórin. Ó kọ Ọ̀nà Ara ní 1970, níbi tí dùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ohun èlò orin Yorùbá ti jọ ń sọ̀rọ̀. Ní 1974, ó kọ orin ńlá kan fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n fẹ́ ṣe l'Ékòó. Wọ́n sún àjọ̀dún náà síwájú títí ó fi di oṣù kìíní 1977.

Kò rí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá 1976, wọ́n pa òun àti Tóró ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni.

Ọdún mẹ́wàá péré ló fi ṣiṣẹ́ nílé lẹ́yìn tó padà dé. Síbẹ̀, àwọn orin rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣe ìwádìí, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin sì ń kọ. Ìdí ni pé ó kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ gba owó, ẹnì kan sì san án.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Ta ló ń kọ orin bìrìpo tiwa sílẹ̀? Èyí tí mo ní lórí fóònù mi ò ju fídíò ìṣẹ́jú méjì lọ, mo yà á níbi òkú àgbà kan. Ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ìdajì ọ̀rọ̀ orin náà. Mo ní n ó padà lọ bá ìyá tó ń lé e, kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Kí n tó gba ìsinmi ilé ìwé, ìyá ti lọ.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Mi ò ní ká gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ dókítà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni àyè kan ṣoṣo lọ́dọọdún, fún ọmọ Erínjẹ tó ń kọ́ orin, èdè Yorùbá, ìtàn tàbí eré orí ìtàgé. Kò pọn dandan kó lọ sí Cambridge. Ẹ̀ka orin wà ní Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó níbí. Ká sì fi àdéhùn kan sí i, bí ti Clare: kó wá lo ìsinmi kan nílé, kó jókòó ti àwọn àgbà, kó gba orin wọn sílẹ̀, kó kọ ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀, kó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ìlú.

Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Àwa ọ̀dọ́ ti ṣípá o. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èrò yín lórí grúùpù kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Erínjẹ á dára o!