Jules Verne: ọ̀tá tí wọn kò jẹ́ kó dárúkọ nínú ìtàn ogun abẹ́ omi

Ẹni tó bá ń ka ìwé lédè Faransé ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò yóò ti gbọ́ orúkọ Jules Verne. Bàbá yìí ti kọ ìtàn ogun abẹ́ omi nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì ju ohun tí wọ́n ń dán wò lọ.

Ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní Nantes. Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí etíkun wa: ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ṣí wá kó ẹrú ní Ouidah. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà gba ipò òun. Verne kọ́ òfin ní Paris lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ ló gbájú mọ́. Lọ́dún 1863, Pierre-Jules Hetzel gbé ìwé rẹ̀ kan jáde, ìtàn àwọn mẹ́ta tó fi bàlúùnù ré Áfíríkà kọjá. Òkìkí rẹ̀ kàn, àmọ́ ohun tó sọ níbẹ̀ nípa àwa aláwọ̀ dúdú kò dùn mọ́ wa rárá.

Ọdún 1869 ni ìtàn Nautilus bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń fi iná mànàmáná rìn. Níbí ni òun àti Hetzel ti fa ọ̀rọ̀. Verne fẹ́ kí Nemo, ọ̀gá ọkọ̀ náà, jẹ́ ọmọ Pólàńdì tí àwọn ará Rọ́ṣíà pa ẹbí rẹ̀ run. Hetzel kọ̀, torí àwọn tó ń ra ìwé rẹ̀ ní Rọ́ṣíà pọ̀. Ó ní kí Nemo kúkú máa bá àwọn oníṣòwò ẹrú jà. Verne náà kò gbà. Ó dùn wá díẹ̀ pé ọmọ Nantes ló kọ ìyẹn.

Níkẹyìn, wọn kò dárúkọ ọ̀tá kankan. Nígbà tí ìtàn ń parí lọ, ọkọ̀ ogun kan dé tí kò ta àsíá. Nautilus gún un nínú, ó sì rì tòun tèèyàn. Nemo ń wò ó láti ojú fèrèsé, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú àwòrán obìnrin kan àtàwọn ọmọ méjì, ó ń sunkún. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló dára jù nínú ìwé náà.

Nínú ìwé mìíràn tó jáde lọ́dún 1875 ni Verne ti wá sọ pé ọmọ ọba Íńdíà ni Nemo, tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà. Ìyẹn kò bí Rọ́ṣíà nínú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan yìnbọn lù ú lẹ́sẹ̀ ní Amiens lọ́dún 1886, ó sì ń tiro títí ó fi kú lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1905. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan ri ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó kú lé ní 1,400.