SAMUEL MORRIS, ỌMỌ TÍ Ó GBẸ́KẸ̀ LÉ BABA RẸ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Olúwa wa pẹ̀lú mú ọmọ kékeré kan, Ó sì fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀. A fẹ́ rán ara wa létí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan tí Ọlọ́run gbé dìde ní ilẹ̀ Làìbéríà.

Kaboo ni orúkọ àbísọ rẹ̀. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, baba rẹ̀ sì jẹ́ olóyè láàrin ẹ̀yà Kru. Nígbà tí a ṣẹ́gun wọn, àwọn ọ̀tá mú ọmọ náà ní ìdógò. Nítorí pé ohun tí baba rẹ̀ mú wá kò tó wọn, wọ́n nà án ní ìnà ìkà. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti jẹ́rìí, ìmọ́lẹ̀ ńlá tàn yí i ká, ó sì gbọ́ ohùn tí ó ní kí ó sá. Ó rin inú igbó títí ó fi dé oko kọfí kan nítòsí Monrovia.

Ní Monrovia ni ó ti gbọ́ ìtàn Sọ́ọ̀lù ní ọ̀nà Damásíkù, ó sì mọ̀ pé Ẹni kan náà ni ó yọ òun. A ṣe ìrìbọmi fún un, a sì pè é ní Samuel Morris. Ó ń béèrè nípa Ẹ̀mí Mímọ́ lemọ́lemọ́, títí a fi sọ fún un nípa Stephen Merritt, ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan ní New York. Láìní owó ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, ó sì sùn lórí iyanrìn. Ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ fún un. Síbẹ̀ kò padà lẹ́yìn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ dín nínú ọkọ̀ náà, a gbà á.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbẹ́kẹ̀lé yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò tíì rí ìyà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ó gbàdúrà, ó sì dìde lọ sí ibi tí ọkọ̀ wà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Taylor, tí ó wà ní Fort Wayne, Indiana, nígbà náà. Yàrá tí ẹlòmíràn kò fẹ́ ni ó bẹ̀bẹ̀ fún. Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni láti padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n òtútù mú un, ó sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1893, nígbà tí ó tó nǹkan bí ẹni 20 ọdún. Níhìn-ín ni a ti dán ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ wò jùlọ. Ìwòsàn tí ó retí kò dé. Ó gbà pé iṣẹ́ òun parí, àti pé ẹlòmíràn yóò ṣe èyí tí ó kù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n jọ kàwé ni a ti rí àwọn tí wọ́n fi ara wọn jìn fún iṣẹ́ náà ní Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì jẹ́wọ́. A lè ka orúkọ ìwé 66 láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá wọlé ní ọ̀gànjọ́, àyà àwa gan-an ni ó kọ́kọ́ ń já. Ọmọ yìí mọ Baba rẹ̀ nígbà tí Ó dáhùn, ó sì mọ̀ Ọ́n nígbà tí Ó dákẹ́. Kí Olúwa dá irú ọkàn bẹ́ẹ̀ padà fún wa. Àmín.